Ohun Tí Wọ́n Fi Sí Lanuola Lẹ́nu

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú ẹnì kejì nílé Pesamino. Lanuola ti jí kí àkùkọ tó kọ. Ó dá iná, ó gbé kòkó kaná, ó jókòó tì í, ó sì ń fi ṣíbí rò ó títí ìdí ìkòkò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò béèrè pé kí ló ń jó. Pesamino ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn ti òpó iwájú, ó kọjú sí òkun. Fuatino àbíkẹ́yìn wọn wà ní àgbàlá, ó ń gbálẹ̀. Ó ti gbá a tán nígbà kan. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

"Fuatino, wá mu kòkó."

"Mo ń bọ̀, Màmá."

Kò wá.

Ilé wọn ò ní ògiri, bí ilé àwọn àgbà yòókù ní abúlé Vaitoa ní Sàmóà. Òpó ló yí i ká, òrùlé wà lókè, ẹni tó bá ń kọjá lọ́nà á rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń jẹ, á sì kí yín kú oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ètò tí àwọn òyìnbó ya nípa Fuatino bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn lálẹ́ àná, gbogbo àdúgbò ló bá wọn wò ó. Wọ́n gbé ẹní wọn wá láti ilé. Àwọn ọmọ tí Fuatino ń kọ́ nílé ìwé ló jókòó síwájú pátápátá, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti fi òróró pa irun mọ́lẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn náà máa hàn. Ṣebí odindi ọjọ́ méjì ni àwọn òyìnbó Ọsirélíà yẹn fi ya kíláàsì wọn, bí tíṣà wọn ṣe ń fi orin kọ́ wọn ní ìwé kíkà, bó ṣe ń fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ sí ara igi àgbọn nígbà tí òjò ba pátákó jẹ́.

Kíláàsì ò hàn. Ọmọ kan ṣoṣo ò hàn.

Ohun tó hàn ni Fuatino níwájú díńgí, tó ń ya irun. Kámẹ́rà wọ́ láti èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran. Ó rẹ́rìn-ín, wọ́n tún fi ẹ̀rín náà hàn, wọ́n tún fi í hàn. Wọ́n wá fi àdúgbò ọtí kan hàn nílùú Apia, lóru, àwọn kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ní Vaitoa ò rí rí, orin tó ń lọ lábẹ́ ẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n máa ń lò bí wọ́n bá fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé nǹkan ìtìjú ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú Lanuola fúnra rẹ̀ kún inú tẹlifíṣàn.

Ó rí i tí ẹnu òun là. Ó gbọ́ tí ohùn òun bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ "Ọmọ mi," ohùn náà sì rì bí òkúta tó bọ́ sómi, ohùn obìnrin mìíràn gorí ẹ̀, ohùn dídùn tó dà bíi pé ẹkún wà lọ́nà ọ̀fun ẹ̀, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Lanuola ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí tẹlifíṣàn nítorí ojú ẹ̀ tó wà níbẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó yíjú, ó rí i pé àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń wo ilẹ̀. Fuatino nìkan ni kò wolẹ̀. Òun ń wo ìyá rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Lanuola bi wọ́n. "Kí ni wọ́n ní mo sọ?"

Ioelu, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì, ló dá a lóhùn. "Wọ́n ní ẹ ní ẹ ò ní ọmọbìnrin tó máa bá yín ṣiṣẹ́ ilé. Wọ́n ní ẹ mú ọmọkùnrin yín tó kéré jù, ẹ sì sọ ọ́ di obìnrin."

Fa'afafine ni Fuatino. Ọmọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i, ìwà obìnrin ló sì bá dàgbà, obìnrin ló ń bá jókòó, iṣẹ́ obìnrin ló ń ṣe. Kò sí abúlé kan ní Sàmóà tí irú wọn ò sí, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ìròyìn. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni Lanuola bí kó tó bí i: Malia, Sulu àti Penina. Méjì wà nílé ọkọ ní Auckland lókè òkun, ẹ̀kẹta wà ní erékùṣù Savai'i. Gbogbo Vaitoa ló jó níbi ìgbéyàwó wọn.

Gbogbo Vaitoa yìí náà ló dákẹ́ lálẹ́ àná, tí wọ́n ká ẹní wọn, tí wọ́n lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan.

*

Sieni ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀. Ilé rẹ̀ ló tẹ̀lé tiwọn, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kì í bá wọn dá sí. Ó jókòó sétí ẹní, ó kó ẹsẹ̀ sábẹ́, ó kí Pesamino, Pesamino sì mi orí.

"Ìyá Ioelu, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo ní kí n wá wò ó bẹ́ ẹ ṣe jí."

"A jí."

"Òórùn kòkó yín dé ọ̀dọ̀ wa."

"Ó jóná ni."

Sieni ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ó wo àgbàlá lọ́hùn-ún, níbi tí ìgbálẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀, ó wá fa ara rẹ̀ mọ́ ìdí iná.

"Ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀rọ̀ àná yẹn, ṣé lóòótọ́ ni?"

Lanuola gbé ṣíbí sílẹ̀. "Sieni, ta ló gba Malia lọ́wọ́ agbẹ̀bí lọ́jọ́ tí mo bí i?"

"Èmi ni."

"Akọ ni àbí abo?"

"Háà! Abo ni."

"Sulu àti Penina ńkọ́?"

"Abo ni wọ́n, Ìyá Ioelu. Èmi ni mo wẹ Penina."

"Kí lò ń bi mí nígbà náà?"

Ojú ti Sieni díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tì í tó láti dákẹ́. "Mo mọ̀. Mo kúkú mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi báyìí ni mo fi rí yín. Ẹnu yín ń sọ̀rọ̀."

Lanuola wò ó títí. Obìnrin yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwọn ọmọ náà, ó ti rí ohun tó wà lára wọn. Àpótí kan sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀nba àsìkò díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gbàgbé.

"Bu kòkó fún ara ẹ," ni Lanuola wí. "Má bu ti ìsàlẹ̀."

*

Ioelu ò tíì gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ dúró tán tó fi ń pariwo. Ó ti lọ sí ìlú, ó sì ti bọ̀ láì gbé èrò.

"Èmi ò ṣiṣẹ́ lónìí! Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní ibùdókọ̀? Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn ra ìró fún mi. Wọ́n ní ó kù díẹ̀ kí ìyá mi yí èmi náà padà, pé iṣẹ́ ilé ni kò pọ̀ tó! Sefo, Sefo tí mo kọ́ ní bọ́ọ̀sì wíwà, òun ló ń ju ìdí níwájú gbogbo ayé, tó ń rẹ́rìn-ín bíi ti inú tẹlifíṣàn."

"Jókòó," ni Lanuola wí. "Bàbá rẹ wà níbí."

"Mo rí Bàbá. Bàbá, ẹ káàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ̀rọ̀!" Pesamino ò yíjú kúrò lójú òkun. "Ṣebí mo sọ? Mo ní kẹ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn èèyàn yẹn wọlé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ pa adìẹ fún wọn. Ẹ sun gbẹ̀rẹ̀fúùtù. Ẹ fi ẹní tí mi ò jókòó lé rí láyé mi tẹ́ ilẹ̀ fún wọn!"

"Àlejò ni wọ́n."

"Àlejò tó jí ẹnu yín gbé lọ!"

Ìgbálẹ̀ dákẹ́ ní àgbàlá. Fuatino wọlé, eruku wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dúró lẹ́bàá òpó. Ó ga ju Ioelu lọ, èjìká rẹ̀ gbòòrò, irun rẹ̀ wà ní sísọ sẹ́yìn bó ṣe máa ń sọ ọ́ bó bá ń lọ kọ́ àwọn ọmọ.

"Ẹ fi Màmá sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni Bronwyn tó kó àwọn òyìnbó yẹn wá bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Ó ní ayé máa rí iṣẹ́ mi."

"Wọ́n ti rí i! Wọ́n rí i bó o ṣe ń rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí aṣẹ́wó!"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rẹ́rìn-ín." Ohùn Fuatino ò ròkè. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹlẹ́dẹ̀ ilé Sieni ló ń jẹ wáyà wọn, ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà ń sá fún un. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín débi pé ẹ jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni wọ́n gé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo."

Sieni tó ṣì wà nídìí iná ní, "Òótọ́ ni, ẹlẹ́dẹ̀ mi ni."

Ioelu yọ fóònù, ó ní gbogbo ayé ló ti ń pín in kiri. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú Lanuola tún jáde, kékeré, nínú ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi," ni ohùn ẹ̀ wí, òyìnbó sì bò ó mọ́lẹ̀. Fuatino gba fóònù náà, ó gbé e mọ́ etí. Ó tún un gbé. Ó fi ìka dí etí kejì, ó di ojú, bí ẹni tó ń gbọ́ ọmọ tó ń ké lábẹ́ ilé. Lanuola rí i pé abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló ń wá, ó ń wá ohùn tòun.

"Mi ò lè gbọ́ ọ," ni Fuatino wí níkẹyìn. "Màmá, kí lẹ sọ gan-an?"

"Mo ní—"

"Kí ló kàn wá pẹ̀lú ohun tí Màmá sọ?" ni Ioelu já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ohun tí ayé gbọ́, òun ni Màmá sọ! Ṣé ẹ máa gba bọ́ọ̀sì dé Ọsirélíà lọ máa ṣàlàyé láti ilé dé ilé ni?"

Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì gbàgà, kò sì wa ọkọ̀ lọ síbi kankan. Ó jókòó sínú ẹ̀ nínú oòrùn. Nígbà tí Lanuola máa yíjú padà, Fuatino ti padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀.

*

Ìyàwó pásítọ̀ dé nígbà tí oòrùn ti mú. Masina lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ ni gbogbo wọn ń pè é. Ọmọdébìnrin kan ru apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e, kókò wà nínú ẹ̀, ẹja inú agolo wà lórí. Lanuola rí apẹ̀rẹ̀ náà, àyà rẹ̀ já, torí ó mọ̀ pé ilé pásítọ̀ là ń gbé oúnjẹ lọ, ilé pásítọ̀ kì í gbé oúnjẹ wá fúnni àfi bí òkú bá kú.

Wọ́n kí ara wọn dáadáa. Wọ́n béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun Pesamino, tó jẹ́ díákónì àgbà nínú ìjọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Fuatino fi àwo gbé kòkó tuntun wá, ó bẹ̀rẹ̀ gbé e kalẹ̀ bó ti yẹ, ó sì jókòó sísàlẹ̀.

"Pásítọ̀ ní kí n kí yín," ni Ìyá Ìjọ wí. "Ó ní kí n sọ fún yín pé kò sí ìyípadà lọ́kàn òun. Ìdílé yín, ìdílé díákónì, òpó ni nínú ìjọ wa."

"A dúpẹ́."

"Àti Fuatino yìí. Ta ló kọ́ ọmọ mi ní ìwé? Ta ló sọ ẹgbẹ́ akọrin wa di ohun tó dà? Kò sẹ́ni tí ò fẹ́ràn Fuatino."

"A dúpẹ́," ni Lanuola tún wí, ó ń dúró de èyí tó ń bọ̀.

"Ẹ kúkú mọ̀ pé ọ̀la ni àwọn ará ìjọ wa láti Auckland ń bọ̀ wá ṣe àlejò." Ìyá Ìjọ yí ife kòkó ní ọwọ́. "Àwọn náà ń wo tẹlifíṣàn. Wọ́n ti pe Pásítọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ṣé èyí tó ń darí orin níbẹ̀ kọ́ ni àwọn rí. Pásítọ̀ wá rò ó pé, bóyá kí Fuatino ṣì sinmi díẹ̀. Kó jókòó sẹ́yìn lọ́la. Títí ariwo á fi rọlẹ̀."

"Ṣé ó ṣẹ̀ ni?"

"Háà, rárá o! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló wá ń sinmi fún?"

"Ìyá Ioelu, ẹ mọ ẹnu ayé."

"Ẹnu tèmi ni wọ́n lò," ni Lanuola wí. "Ìyá Ìjọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo sọ fún àwọn èèyàn yẹn fún yín. Mo ní—"

Ìyá Ìjọ gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, jẹ́jẹ́. "A máa sọ ọ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tá a máa jókòó sọ ọ́. Kì í ṣe òní."

Fuatino ló pa ẹnu ọ̀rọ̀ náà dé. "Mo ti gbọ́, Ìyá Ìjọ. Kò burú. Màá sọ fún Eseta kó dúró nípò mi, ó mọ gbogbo orin náà." Ó gbé àwo, ó dìde. Lanuola ò rí ìbínú kankan lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà á.

Apẹ̀rẹ̀ náà wà láàárín ilé. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ sídìí iná.

*

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá, ó dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì Ioelu. Tọkọtaya òyìnbó ló bọ́lẹ̀, oòrùn ti sọ ojú wọn di pupa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, wọ́n tẹríba. Obìnrin náà na fóònù rẹ̀ sí Lanuola, ojú Lanuola wà nínú ẹ̀. Ó tọ́ka sí i, ó tọ́ka sí Lanuola, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé àyà, omi sì lé sí i lójú. Ó fà á mọ́ra. Lanuola ò mọ obìnrin yìí rí láyé ẹ̀, ara obìnrin náà ń rùn bí òróró tí òyìnbó máa ń pa nítorí oòrùn, ó ń sọkún sí i lọ́rùn.

"Kí ló ń wí?" ni Lanuola bi Ioelu tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

"Ó ní ẹ láyà. Ó ní òun ń dárí jì yín."

"Kí ni mo ṣe fún un?"

Ṣùgbọ́n àlejò ni àlejò, wọ́n sì ti wà lórí ẹní. Lanuola ní kí Ioelu bẹ́ àgbọn fún wọn. Wọ́n mu ún, wọ́n ní ó dùn. Ọkùnrin náà ń wo ẹ̀yìn ilé, ó ń béèrè nǹkan, Lanuola sì gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ lẹ́nu.

Fuatino jáde.

Ó ti kun ètè rẹ̀ ní pupa lójúmọmọ. Ó ti tú irun sílẹ̀ bo ojú kan, ó ti so ìró mọ́ àyà, ó ti ki òdòdó ńláńlá méjì bọ etí. Ó ń rìn bíi pé ìdí rẹ̀ kì í ṣe ti ara rẹ̀. Tíṣà tó máa ń rìn gbọọrọ láàárín àga bí ológun! Ó dé iwájú àwọn òyìnbó, ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí, ó gbé èkejì sókè bí ìgbà tí wọ́n ń jó fún àlejò nílé ìtura, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín inú tẹlifíṣàn ni. Ó rín in dáadáa, ó dákẹ́, ó tún un rín bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó dákẹ́, ó tún un rín.

Ayọ̀ kún ojú àwọn òyìnbó. Wọ́n gbé fóònù sókè.

Àwọn ọmọdé ti pé sí àgbàlá, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n rò pé tíṣà àwọn ń ṣeré. Ẹ̀rín náà wá ń kú lẹ́nu wọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ọmọbìnrin kékeré kan tí irun rẹ̀ ṣì wà ní dídì láti àná yíjú, ó sá lọ sílé.

"Ó tó," ni Lanuola wí.

Fuatino yí ìdí.

"Fuatino, mo ní ó tó!"

Ó dìde, ó lọ dúró láàárín ọmọ rẹ̀ àti fóònù, ó na apá méjèèjì. Ó fẹ́ dí wọn lójú ni. Àwọn òyìnbó rò pé ó fẹ́ kí wọ́n ya òun náà. Inú wọn dùn, wọ́n sún sẹ́yìn kí àwòrán lè gba èèyàn méjèèjì, ìyá àti ọmọ, wọ́n sì yà wọ́n, wọ́n yà wọ́n, títí Ioelu fi gbá ọkùnrin náà lọ́wọ́ mú, tó sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀ wọn. Wọ́n ń juwọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ.

*

Fuatino lọ bọ́jú. Nígbà tó padà dé, pupa náà ti lọ, ètè rẹ̀ ti wú díẹ̀ níbi tó ti fi kànìnkànìn bó o. Lanuola ti jókòó dè é láàárín ilé.

"Obìnrin yẹn," ni Lanuola wí. "Bronwyn yẹn. Pè é fún mi."

"Màmá, kò sí—"

"Pè é."

Ó pè é, ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí ẹní, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́. Bronwyn yára gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó ń pariwo orúkọ Fuatino bí ẹni rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ioelu dúró sétí òpó. Sieni ti dúró sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, kò sá a.

"Sọ fún un pé èmi ni," ni Lanuola wí. "Sọ fún un pé ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn. Sọ fún un pé mo mọ ohun tí mo sọ, orí mi ṣì pé. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo sọ ọmọ mi di fa'afafine. Èsì mi nìyí, fetí sílẹ̀ kó o tú u dáadáa: Ọmọ mi kì í ṣe ohun tí mo ṣe. Bó ṣe wá nìyẹn. Tèmi ni kí n bọ́ ọ, kí n wẹ̀ ẹ́, kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n nà án lójú ọ̀nà. Ìyókù, ẹ lọ bi Ọlọ́run."

Fuatino bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Bó ṣe ń kàwé fún kíláàsì ló ṣe ń tú u, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró lọ́tọ̀. Èdè Sàmóà, bíi tiwa, "ó" kan náà ló ní fún gbogbo èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì ò fún un ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ó ní láti mú ọkùnrin tàbí kó mú obìnrin. Àwọn òyìnbó ti mú ọkùnrin fún un lálẹ́ àná, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lanuola ò mọ èyí, ṣùgbọ́n Ioelu mọ̀ ọ́n, ó sì gbọ́ bí Fuatino ṣe fò ó. Kò mú èyíkéyìí. "Èmi" ló ń wí: ìyá mi ní èmi kì í ṣe ohun tí òun ṣe, ó ní bí èmi ṣe wá nìyẹn. Nígbà tó dé ibi nínà, ó gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. Ó parí ẹ̀.

Bronwyn dáhùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá gùn, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ó dun òun. Ó ní ògbufọ̀ tí wọ́n gbà nílùú ló ṣì í tú. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ló sì gé e, kò sí lọ́wọ́ òun."

"Kí wọ́n tún un fi hàn. Kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ohùn mi."

Fuatino tú u. Bronwyn sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín kékeré kan, ó tún sọ̀rọ̀.

"Ó ní kò ṣeé ṣe. Ó ní ètò kì í padà sẹ́yìn. Ó ní gbogbo ará ọ̀dọ̀ wọn ló fẹ́ràn yín, Màmá, wọ́n ń kọ̀wé sí òun pé àwọn sunkún." Fuatino dúró, ojú rẹ̀ wà lára fóònù. "Ó ní òun fẹ́ padà wá. Ó ní kí òun ya òmíràn, èyí tí ìyá àti ọmọ ti jókòó, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè, tí wọ́n ń dárí ji ara wọn. Ó ní tá a bá lè tọ́jú ìbínú wa dìgbà yẹn, ká má tíì parí ẹ̀, ó máa lẹ́wà."

"Pa á," ni Pesamino wí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Fuatino pa á, ohùn Bronwyn já níbi tó dé.

Pesamino dìde. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó di òpó mú kó tó lè nà. Ó tọ àárín ilé lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ Ìyá Ìjọ. Ioelu sáré wá, ó ní, "Bàbá, ẹ gbé e fún mi," Pesamino sì wò ó títí Ioelu fi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, díákónì àgbà, ó sọ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà, ó ń tiro lọ sí apá ilé pásítọ̀. Àsìkò àdúrà ìrọ̀lẹ́ ti tó. Wọ́n ti fọn fèrè ìkarahun, olúkúlùkù ti wọlé jókòó, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà lójú ọ̀nà. Gbogbo ilé tí kò ní ògiri ló ń wò ó bó ṣe ń kọjá pẹ̀lú oúnjẹ pásítọ̀ lórí èjìká, àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ̀nà lásìkò àdúrà sì yà fún un. Ioelu tẹ̀lé e lókèèrè.

Ó wá ku Lanuola àti Fuatino.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?" ni Lanuola béèrè.

"Mo gbọ́ ọ, Màmá. Èmi ni mo tú u."

"Ṣé o gbà á gbọ́?"

Fuatino ń fi ìka tẹ etí ẹní, níbi tí híhun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Láti ilé kejì, orin Sieni àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

"Mo gbà á gbọ́ báyìí," ló wí. "Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, nígbà tí obìnrin yẹn ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, mo rò pé òótọ́ ni. Mo ronú padà sí gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi láti kékeré. Bẹ́ ẹ ṣe ń dì mí nírun. Bẹ́ ẹ ṣe fún mi ní ìró Penina. Mo ní, háà, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lára mi nígbà yẹn. Mo kórìíra yín, Màmá. Kò pẹ́, kí wọ́n tó fi nǹkan mìíràn hàn ló ti lọ. Ṣùgbọ́n èrò yẹn ti wọ inú mi, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa rí i gbé jáde."

Orin ilé Sieni parí. Lanuola sún lórí ẹní, ó fi àyè sílẹ̀. Fuatino wá jókòó síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan orúnkún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé orí lé e léjìká.